Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù Ẹlẹ́rù Tó Ń Bá Ọkàn Ṣeré

Irú fíìmù ẹlẹ́rù kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Òkú kankan kò ní jáde láti inú sàréè, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní pọfọ̀ títí iná á fi máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ilé, ó ń gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ò gbọ́. Ọkùnrin kan lọ kí àwọn àna rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín ọ̀hún sì ti pọ̀ jù. Nígbà tí fíìmù bá parí, ẹ ò ní lè sọ ní pàtó ohun tó bà yín lẹ́rù, àmọ́ ẹ ò ní fẹ́ dá nìkan lọ pa iná kíṣìnnì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn n'Íbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ irú fíìmù yìí tí wọ́n sì pa á tì láàárín. "Wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn ń rìn káàkiri ilé." N ò dá wọn lẹ́bi. Ojú tí a fi ń wo àwàdà kọ́ là ń fi wo èyí. Àmọ́ ohun tó ń ba adùn rẹ̀ jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu jù ni ìdájọ́ kánkán. Fíìmù ò tíì pé ogún ìṣẹ́jú, a ti mú àjẹ́, a ti mọ ẹni tó fi ìyá rẹ̀ ṣoògùn owó, a sì ti ń retí ìgbà tí wòlíì máa dé. Ìgbádùn fíìmù tí mò ń wí yìí wà nínú kí ẹ dá ìdájọ́ yẹn dúró ná. Bí ẹ ṣe lè ṣe é, láti orí yíyan fíìmù títí dé ẹ̀yìn ìgbà tó bá parí, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí The Figurine, tí wọ́n tún ń pè ní Araromire, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní ọdún 2009. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Fẹ́mi àti Ṣọlá, wà ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ nígbà tí wọ́n rí ère kan ní ojúbọ tí wọ́n ti pa tì nínú igbó. Ìtàn sọ pé ọdún méje ni òrìṣà tó ni ère náà fi ń ṣí ọ̀nà fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Tí méje yẹn bá pé, ọdún méje mìíràn á tún dé, ojú onítọ̀hún á sì rí màbo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nǹkan ṣe rí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé èèyàn ẹlẹ́ran ara kan wà láàárín wọn tó ní ìdí tó pọ̀ láti ṣe gbogbo ohun tí a ń dì ru òrìṣà. Fíìmù náà kò bá yín dá a. Ìbéèrè ni wọ́n fi parí rẹ̀: kí lẹ̀yin gbà gbọ́?

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ wá Aiye wò, tí Hubert Ògúnǹdé gbé jáde ní 1979. Níbẹ̀, àjẹ́ ni àjẹ́, adáhunṣe ni adáhunṣe, ogun ni wọ́n ń jà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ibi tí òun ń gbè sí. Fíìmù ńlá ni, ó sì ba àwọn òbí wa lẹ́rù gidi. Àmọ́ kò sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀, ẹ̀rù inú rẹ̀ á sì kúrò lára yín tí àjẹ́ bá ti ṣubú. Fíìmù tí a fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wò yìí kì í jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ṣubú.

Ṣètò ibi tí ẹ ó ti wò ó

Ìró ni ìdajì fíìmù ẹlẹ́rù, Ìbàdàn sì kún fún ìró. Gẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, òjò lórí páànù, ẹni tó ń ta búrẹ́dì pẹ̀lú gbohùngbohùn. Ẹ dúró dìgbà tí àdúgbò bá ti lọ sùn, bí aago mọ́kànlá alẹ́ sókè, àyàfi tó bá jẹ́ alẹ́ Jímọ̀ tí ìṣọ́ òru wà nítòsí. Ẹ lo íyápíìsì. Ohùn inú fóònù lásán kò lè gbé ìró tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, irú èyí tí àyà máa ń gbọ́ kí etí tó gbọ́, ibẹ̀ gan-an sì làwọn tó ṣe fíìmù wọ̀nyí máa ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí. Ẹ dáńlóòdù rẹ̀ ṣáájú kí dátà má lọ tán níbi tó dùn jù.

Bó bá jẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni, ẹ lọ síbi ètò àwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n tó wà nílé wa ló wà lórí ètò tó mú kí pápá bọ́ọ̀lù máa tàn yòò. Lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, òkùnkùn á di eérú, gbogbo nǹkan á sì máa yọ̀ bíi ti fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹ yan èyí tí wọ́n kọ Movie tàbí Cinema sí. Ẹ pa gílóòbù tó wà láàárín yàrá nítorí pé òjìji rẹ̀ á máa tàn sójú gíláàsì, ẹ wá tan iná kékeré kan sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí ojú má bàa ro yín.

Ẹ jókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Alfred Hitchcock, adarí fíìmù tó gbówọ́ nínú dídẹ́rù bani, gbé Psycho jáde ní 1960, ó pa á láṣẹ fún àwọn onílé sinimá pé ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́ dé kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ wo irú òfin bẹ́ẹ̀ nílùú tí ayẹyẹ aago mẹ́wàá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán! Ṣùgbọ́n ó nídìí. Gbajúmọ̀ òṣèré tí orúkọ rẹ̀ mú èrò wá sí sinimá kú kí fíìmù tó dé ìdajì, ẹni tó bá pẹ́ wọlé á kàn máa wá a kiri ni. Àwọn fíìmù wọ̀nyí máa ń kó ẹrù pàtàkì wọn sínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nígbà tí àwa ṣì ń wá ibi tí a máa gbé gúgúrú sí.

Ẹ má pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó. Mo fẹ́ràn ariwo wa nínú sinimá, yálà ní Dùgbẹ̀ ni o tàbí ní Sàmọ́ńdà. Ẹni tó ń sọ fún òṣèré pé "Má ṣílẹ̀kùn yẹn o!" ń fi oyin sí eré àwàdà àti eré ìfẹ́. Àmọ́ nínú irú fíìmù yìí, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé, ẹnì kan ṣoṣo tó bá dá àpárá á wó o lulẹ̀ fún gbogbo ilé. Bó bá jẹ́ sinimá lẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán

Àárín àwòrán lojú wa mọ̀ ọ́n wò, níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan sí ẹ̀gbẹ́.

Nínú Rosemary's Baby (1968), ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ilé kejì wọ yàrá lọ láti fi fóònù pe ẹnì kan. William Fraker tó ń ya àwòrán ti gbé kámẹ́rà síbi tí a ti máa rí màmá náà kedere. Roman Polanski tó darí fíìmù ní kó sún un, ó ní kó tún sún un, títí férémù ilẹ̀kùn fi bo ojú màmá yẹn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù tí à ń rí. Nígbà tí fíìmù dé sinimá, Fraker rí àwọn èrò ìwòran tí gbogbo wọn jọ na ọrùn sápá ọ̀tún kí wọ́n lè yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó wà lára aṣọ funfun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju màmá tó ń tẹ fóònù lọ. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí èrò ìwòran rí ló mú wọn na ọrùn.

Fún The Innocents (1961), Freddie Francis tó ya á kun ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tó fi síwájú lẹ́ńsì, kí òkùnkùn lè máa ká àwòrán mọ́ láti ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó ń wò ó lè má fura, àmọ́ ara á máa sọ fún un pé nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí òun ò rí.

Nítorí náà, nígbà àkọ́kọ́ ẹ má dá fíìmù dúró rárá, ẹ kàn jẹ́ kí ojú yín máa rìn. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀: kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Ilẹ̀kùn wo ló ṣí sílẹ̀? Ṣé dígí wà níbẹ̀, ta ló sì wà nínú dígí náà? Nígbà kejì, ẹ lè máa dá a dúró. Nínú The Shining (1980), ẹ dá a dúró ní ọ́fíìsì máníjà òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí síṣẹ́. Fèrèsé kan wà lẹ́yìn máníjà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gbà wọlé. Ẹ wá ronú ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ́fíìsì yẹn, àti ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá: àárín ilé ni yàrá náà wà, fèrèsé kankan kò lè sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní mẹ́nu bà á nínú fíìmù. Àmọ́ láti ibẹ̀ ni ilé náà ti ń parọ́ fún yín.

Ẹ fetí sí i

Ohùn fáyólìn tó ń ké bí ọ̀bẹ nínú ilé ìwẹ̀ Psycho, níbi tí wọ́n ti pa gbajúmọ̀ òṣèré yẹn, ti di ohun tí ọmọdé tí kò tilẹ̀ wo fíìmù náà rí fi ń ṣeré. Hitchcock kò fẹ́ orin kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bernard Herrmann kọ ọ́ ná, ó lù ú fún un gbọ́, ọkàn ọ̀gá sì yí padà. Ohun èlò olókùn nìkan ló fi kọ gbogbo orin fíìmù náà, kò sí ìlù, kò sí fèrè. Fún àwa tí ìlù ń sọ̀rọ̀ fún, ó yẹ kí èyí gbàfiyèsí wa: ó yọ ohun tó máa ń fún ara ní ìrìn kúrò pátápátá.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ etí rèé. Ẹ mú ìran kan tó bà yín lẹ́rù. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fóònù dojú bolẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ láìwò ó. Ẹ ó mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ó sì sábà máa ń jẹ́ ohùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí The Haunting (1963) tí Robert Wise ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò fi òkú tàbí iwin kankan hàn yín. Nǹkan kan ń lu ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìran mìíràn, Eleanor, obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rù. Nígbà tí iná tàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí ibùsùn tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ta ló wá dì mú? Ẹ ò ní rí ọwọ́ kankan. Ìbéèrè yẹn nìkan ni wọ́n fún yín, ó sì tó.

Fún Get Out (2017), ẹ fetí sí orin tó ń lọ níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn òṣèré ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Èdè Swahili ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń sọ fún ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí pé kó gbọ́ tàwọn baba ńlá rẹ̀, kó sá. Òun kò gbọ́ èdè yẹn, àwa náà kò gbọ́ ọ. Ìkìlọ̀ ti dé kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó yé.

"Kí ló dé tí wọn ò sá?"

Ìbéèrè yìí ni ọmọ Nàìjíríà máa ń kọ́kọ́ bi fíìmù ẹlẹ́rù òyìnbó, a sì máa ń bi í pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ni ìbéèrè tó dára jù lọ tí ẹ lè bi irú fíìmù yìí. Nínú fíìmù yẹpẹrẹ, kò ní ìdáhùn. Òmùgọ̀ ni wọ́n. Nínú èyí tí orí pé ṣe, ìdáhùn wà, ìdáhùn ọ̀hún sì ni fíìmù náà ń sọ gan-an.

Ẹ wo His House (2020) tí Remi Weekes ṣe. Àwọn òṣèré méjì tó léwájú nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ wa: Wúnmi Mosaku, tí wọ́n bí ní Zaria, àti Ṣọpẹ́ Dìrísù. Tọkọtaya tó sá ogun kúrò ní South Sudan ni wọ́n nínú fíìmù náà. Wọ́n gba orí òkun, ọmọbìnrin kan sì bómi lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ilé kan tó ti gbó, pẹ̀lú àṣẹ: wọn ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, wọn ò gbọdọ̀ kó lọ síbòmíì. Nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn ògiri, ibo ni wọ́n fẹ́ sá sí? Tí wọ́n bá kúrò, wọ́n lè dá wọn padà síbi tí wọ́n ti sá wá. Ọkọ fẹ́ di ará Gẹ̀ẹ́sì kíákíá. Ó ní kí wọ́n jókòó sí tábìlì, kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì jẹun. Ìyàwó ní adùn irin nìkan lòun ń gbọ́ lẹ́nu. Ẹ dúró síbi fọ́ọ̀kì yẹn. Kò sí iwin kankan nínú ìran náà, síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ilé yìí kò ní gbà wọ́n.

Ẹ wo Get Out náà, tí Jordan Peele kọ tó sì darí, tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún kíkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tẹ̀ lé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ aláwọ̀ funfun lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Ohun tó ń rí níbẹ̀ kò burú tó láti ké sí. Ọ̀rọ̀ kan tó wọ́ díẹ̀, ìránṣẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Rod, ń sọ fún un lórí fóònù pé kó máa bọ̀ nílé. Rod yìí ni àwa. Gbogbo ohun tí à bá máa pariwo nínú sinimá ló ń bá wa sọ. Kí ló dé tí ọmọ náà ò gbọ́? Ta ló ń dìde kúrò nílé àna lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi okùn dè é. Ìyá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń fi ṣíbí yí ife tíì, ó ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ náà sì jókòó nítorí pé kò dára kí èèyàn dìde kúrò níwájú àgbà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá yẹ kí ó gbọ́ fíìmù yìí jinlẹ̀ ju àwọn tí wọ́n ṣe é fún lọ.

Fún The Babadook (2014), tí Jennifer Kent ṣe ní Ọsirélíà, ìdáhùn rẹ̀ le jùyẹn lọ. Ọjọ́ tí Amelia fẹ́ bímọ ni ọkọ rẹ̀ kú, níbi tó ti ń wa mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Ìwé ọmọdé kan jáde lórí pẹpẹ tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, ẹni tó wà nínú ìwé náà sì ń wá wọlé. Obìnrin yìí lè sá kúrò nínú ilé. Ṣé ó lè sá fún ọmọ rẹ̀, tí ojú ọmọ ń rán an létí òkú lójoojúmọ́?

Ẹ bi ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan: ní ìgbà tí ara bá kọ́kọ́ fu yín, àti nígbà tó bá ku díẹ̀ kó parí. Bí ìdáhùn bá ti yí padà láàárín ìgbà méjèèjì, ọwọ́ àgbà lẹ wà. Ẹni tó ti san owó ilé ọdún méjì fún eéjẹ́ńtì ní Bódìjà tó wá rí i pé ilé náà ń jò kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi ìwé ojú méjì gbè é

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá òsì ni ti ohun àìrí. Apá ọ̀tún ni ti èèyàn àti ọkàn rẹ̀. Bí fíìmù bá ń lọ, gbogbo ohun tó bá ya yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sí apá tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí apá méjèèjì bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ bá ṣe é, níwájú The Figurine. Wọ́n fẹ́ràn fíìmù, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kì í dákẹ́. Kò pẹ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tí wọ́n fi na ìka sí tẹlifíṣọ̀n: "Ṣé o rí i? Òrìṣà ti bínú nìyẹn." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ ná." Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi tìbínú-tìbínú. Nígbà tó yá, mo rí i pé apá ọ̀tún bébà wọn ti ń gùn ju ti òsì lọ, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó parí, wọ́n tẹjú mọ́ bébà náà fún ìgbà díẹ̀. "Èèyàn ló ṣe é o," ni wọ́n wí. Wọ́n tún dákẹ́. "Àmọ́ ta ló sọ fún ẹ pé òrìṣà ò lè gba ọwọ́ èèyàn ṣe nǹkan rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé àwa lè wo fíìmù yìí dáadáa ju ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń ṣe é lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ fún àwọn èrò ìwòran tiwọn ni pé kí wọ́n mú ọ̀kan: bóyá iwin wà níbẹ̀, tàbí orí obìnrin náà ló dàrú. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbànújẹ́ lè mú èèyàn, kí nǹkan mìíràn sì tún gba ibi ìbànújẹ́ yẹn wọlé. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà aláìsàn ọpọlọ tó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ti fi irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣáájú ní ilé ìwòsàn Arọ̀, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1954, àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ mú ojú bẹ́ẹ̀ wá síwájú fíìmù. Ohun tó máa ń gbà á lọ́wọ́ wa ni ìkánjú. Tí a bá ti pe orúkọ àjẹ́, a ò ní wo ọkàn ẹni tó ń jìyà mọ́.

Tó bá parí

Ẹ má sáré lọ sórí YouTube lọ wá ẹni tó máa ṣàlàyé òpin rẹ̀. Ẹ sùn lé e ná. Àlàyé ẹlòmíì á wọlé kí tiyín tó hù, ẹ ò sì ní rí tiyín mọ́ láé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò wò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹní ń pàlọ́. Ibi tí ẹ bá ti ń kólòlò, tí ẹ ń sọ pé "rárá, dúró ná, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀", ibẹ̀ ni fíìmù náà ti mú yín. Ẹ padà lọ wo ibẹ̀ nìkan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ èyí tí kò dára rèé: ohùn gbàmù ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ológbò tó fò jáde, ọwọ́ tó bọ́ sí èjìká tó wá jẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí èèyàn sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó wá bú mọ́ ọmọdé. Ọmọ náà á fò lóòótọ́, àmọ́ kò kọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀rù.

Ẹni tó yẹ kó rọra ṣe

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn rẹ̀, kó fi The Babadook sílẹ̀ ná. Ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu, tàbí tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe rí, kó wo ohun mìíràn, tàbí kó wò ó lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹni tó fọkàn tán. Bí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù, bá kọ 18 sára fíìmù, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé jókòó lẹ́yìn àga pẹ̀lú pé "ó ti sùn". Kì í sùn. Bí ẹ̀rù kò bá jẹ́ kí ẹ sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, fíìmù kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní UCH níbí.

Èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wò

Lẹ́yìn The Figurine, ẹ wo His House, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú Get Out. Àwọn mẹ́ta yìí ń sọ èdè tí ara wa gbọ́. Kí ẹ tó sọdá sí ti àtijọ́, ẹ yà sí Juju Stories (2021), ìtàn mẹ́ta tí C.J. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua pín ṣe. Ọ̀kan nínú rẹ̀ dá lórí ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ rí, pé ẹni tó bá ṣa owó nílẹ̀ lójú títì á di iṣu. Kì í bani lẹ́rù tó bí mo ṣe fẹ́, ó tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ rí bí ìtàn tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ ṣe lè di ọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni The Haunting àti The Innocents, tí wọ́n jẹ́ àwòrán dúdú àti funfun. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sá. Láti Kòríà, ẹ mú A Tale of Two Sisters (2003) tí Kim Jee-woon ṣe, tó fà á yọ láti inú àlọ́ wọn kan nípa ọmọbìnrin méjì àti ìyàwó bàbá wọn. Irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, ẹ ó sì rò pé ẹ ti mọ ẹni tó burú níbẹ̀. Ẹ lo bébà yín dáadáa lórí èyí. Ẹ ka àkọsílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dípò èyí tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gbohùn lé, nítorí pé ohùn àwọn ọmọbìnrin náà ni ìdajì ìtàn.

The Shining ló kẹ́yìn. Ẹ̀dà méjì rẹ̀ wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n gé kúrú tí kò pé wákàtí méjì, àti èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 144. Èyí tó gùn ni kí ẹ wá.